Ẹ Ti Lé ní Ọmọ Ogójì Ọdún, Ẹ sì Ń Padà Sí Yunifásítì? Ohun Tó Yẹ Kí Ẹ Rà, àti Èyí Tó Lè Dúró

Ìbéèrè kan náà ni àwọn àgbà tó fẹ́ padà sí ilé ìwé ń bi mí ṣáá: "Kí ni kí n kọ́kọ́ rà?" Olùkọ́ tó ní NCE tó fẹ́ gba dìgírì ń bi mí. Nọ́ọ̀sì tó fẹ́ gba BNSc, ìyẹn dìgírì nọ́ọ̀sì, ń bi mí. Ìyá ọlọ́jà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fọ́ọ̀mù National Open University náà ń bi mí. Púpọ̀ nínú wọn ló sì ti náwó kí wọ́n tó béèrè. Ìdí nìyí tí mo fi tò ó sílẹ̀ ní sísẹ̀-n-tẹ̀lé fún ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ pa iṣẹ́, ọmọ àti ìdílé pọ̀ mọ́ ìwé kíkà.

Ọmọ ogún ọdún tí ẹ jọ máa jókòó ní kíláàsì ní àkókò, ojú rẹ̀ sì ń ríran dáadáa. Ẹ̀yin kò ní àkókò yẹn, ojú yín náà sì lè ti máa rẹ̀. Nítorí náà, ohun tó máa jẹ́ kí ẹ rí ìwé kà lóru àti ohun tí kò ní fi àkókò yín ṣòfò ni kó ṣáájú lórí àkójọ yín. Láptọ́ọ̀pù kọ́ ló wà ní ipò kìíní.

Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀

1. Ẹ gba orúkọ gbogbo kọ́ọ̀sì tí ẹ máa ṣe ní sẹ̀mẹ́sítà àkọ́kọ́. Ẹni tó ń ṣe Accounting nílò kálíkúlétọ̀. Ẹni tó ń ṣe Òfin lè má fọwọ́ kàn án títí yóò fi jáde.
2. Ẹ béèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe ìdánwò. Ibì kan wà tó jẹ́ pé orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń ṣe ìdánwò àwọn ọdún àkọ́kọ́, ibòmíràn wà tó jẹ́ bíírò àti ìwé ni títí dé òpin. Tí ó bá jẹ́ orí kọ̀ǹpútà, ẹ gbọ́dọ̀ ti mọ máòsì lò kí ọjọ́ náà tó pé. Tí ó bá jẹ́ bíírò, ọwọ́ tí kò ti kọ nǹkan gígùn láti ọdún pípẹ́ wá ní láti tún kọ́ bí a ṣe ń kọ̀wé fún wákàtí méjì.
3. Ẹ kọ ibi tí ẹ ó ti máa kàwé sílẹ̀, kí ẹ sì kọ aago tí ẹ ó máa kà á. Kì í ṣe ibi tó wù yín o. Ibi tó máa ṣeé ṣe ni: aago mẹ́rin ìdájí nínú yàrá ìdáná, inú ṣọ́ọ̀bù kí oníbàárà tó dé, inú bọ́ọ̀sì láti Ìkòròdú. Ohun tí ẹni tó ń kàwé ní ìdájí nílò yàtọ̀ sí ti ẹni tó ń kà á nínú ọkọ̀.
4. Ẹ tú ilé wò. Ìwé kíkọ tí àwọn ọmọ kò lò tán, fáìlì tí wọ́n fún yín ní sẹ́mínà, fláàṣì tó wà nínú dúrọ́ọ̀. Ẹ ó rí ju bí ẹ ṣe rò lọ.
5. Ẹ pín owó sí ọ̀nà mẹ́ta: èyí tí ẹ ó ná kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, èyí tí ẹ ó ná lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì nígbà tí ẹ bá ti rí bí àwọn olùkọ́ ṣe ń kọ́ni, àti èyí tó máa dúró títí dé sẹ̀mẹ́sítà kejì. Ẹni tó bá ná gbogbo rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kìíní, owó fọ́tòkọ́pì máa ń wọ́n ọn ní ọ̀sẹ̀ kẹfà.

Ojú ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀

Láti nǹkan bí ọmọ ogójì ọdún ni ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń ní ìṣòro láti rí ohun tó wà nítòsí. Àrùn kọ́, bí ojú ṣe ń dàgbà ni. Tí ẹ bá ti ń na ọwọ́ gbọọrọ kí ẹ tó lè ka ọ̀rọ̀ orí fóònù, ó ti kàn yín nìyẹn.

Ní ọjà, wọ́n ń ta awò ìkàwé tó ní nọ́mbà +1.00, +1.50, +2.00 lọ sókè, àwọn ènìyàn a sì kàn gbé èyí tó bá tù wọ́n lójú. Mo bẹ̀ yín, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ojú ná. Àrùn glaucoma wọ́pọ̀ láàárín àwa ènìyàn dúdú. Kì í sábà dunni, kì í sì í fi ara hàn títí yóò fi jẹ apá kan ìríran lọ, ohun tó bá sì ti jẹ lọ kì í padà. Àyẹ̀wò lè rí i nígbà tí ẹ kò tíì mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Nínú gbogbo owó tí ẹ máa ná lórí ẹ̀kọ́ yìí, owó àyẹ̀wò ojú ni mo kọ́kọ́ fẹ́ kí ẹ ná.

Tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn ojú, ẹ sọ fún un pé ìwé àti kọ̀ǹpútà lẹ fẹ́ máa wò. Ìwé tí a mú lọ́wọ́ máa ń wà ní nǹkan bí 40 sẹ̀ntímítà sí ojú, ṣùgbọ́n láptọ́ọ̀pù orí tábìlì máa ń jìnnà tó 50 sí 70. Awò tó bá ìwé mu lè sọ kọ̀ǹpútà di bàìbàì. Ẹ ó wá máa na orí síwájú láìmọ̀, nígbà tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, ọrùn àti èjìká á bẹ̀rẹ̀ sí í dùn yín, ẹ ó sì rò pé ọjọ́ orí ni.

Lẹ́yìn awò, ìmọ́lẹ̀ ló kàn. Gílóòbù àárín àjà kò tó fún àgbà tó fẹ́ kàwé lóru, iná pàápàá kì í sì í dúró. Àtùpà LED tó ń gba iná sára ni kí ẹ rà, ẹ sì bi ẹni tó ń tà á ní àwọn ìbéèrè yìí:

- Wákàtí mélòó ló ń lò tí a bá tan iná rẹ̀ dé òpin? Wákàtí tí wọ́n kọ sára páálí sábà máa ń jẹ́ ti ìgbà tí iná rẹ̀ bá kéré jù.
- Ṣé ó lè máa tàn bó ṣe ń gba iná lọ́wọ́? Àwọn kan máa ń kú tí ẹ bá ti fi ṣájà sí wọn.
- Ṣé kéébù fóònù ló ń lò? Èyí tó ní ṣájà tirẹ̀ lọ́tọ̀ á di àlòkù lọ́jọ́ tí ṣájà náà bá sọnù.
- Ṣé ọrùn rẹ̀ ṣeé tẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ lè bọ́ sórí ìwé dípò ojú yín?

Tí ọwọ́ ọ̀tún lẹ fi ń kọ̀wé, apá òsì ni kí ẹ gbé àtùpà náà sí, kí òjìji ọwọ́ má bàa bo ohun tí ẹ ń kọ. Ọlọ́wọ́ òsì á gbé e sí apá ọ̀tún.

Ọ̀rọ̀ hándáwùtù náà kan ojú. Èyí tí wọ́n ti ṣe fọ́tòkọ́pì rẹ̀ láti orí fọ́tòkọ́pì mìíràn, lẹ́tà rẹ̀ máa ń dà bí èèrà tó ń tò lọ. Ẹ bẹ course rep (aṣojú kíláàsì yín) pé kó fi PDF rẹ̀ ránṣẹ́ sórí WhatsApp yín. Ẹ lè fẹ̀ ẹ́ bó ṣe wù yín lórí fóònù, tí ẹ bá sì fẹ́ tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹ sọ fún ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ pé ojú ìwé kan ṣoṣo ni kó wà lójú A4 kan. Wọ́n fẹ́ràn láti kó ojú ìwé méjì pọ̀ kí owó lè dínkù. Ẹ san owó tó lé yẹn.

Ìwé kíkọ, bíírò, fáìlì

Ibí yìí kò le. Ìwé kíkọ tín-ín-rín kan fún kọ́ọ̀sì kan dára ju ìwé ńlá kan tó gba gbogbo kọ́ọ̀sì lọ, nítorí kọ́ọ̀sì tí ẹ ní lọ́jọ́ náà nìkan lẹ máa gbé. Tí ìwé ńlá yẹn bá sì sọnù nínú ọkọ̀, gbogbo sẹ̀mẹ́sítà ló bá a lọ. Bíírò aláwọ̀ búlúù tàbí dúdú tí kì í wúwo lọ́wọ́ ti tó. Ẹ ra púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì tọ́jú wọn síbi tí ọwọ́ àwọn ọmọ kò ní tó. Fáìlì kan fún àwọn ìwé tó ṣe pàtàkì: ìwé ìgbaniwọlé, risíìtì owó ilé ìwé, fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀ kọ́ọ̀sì. Ẹ má gbé ojúlówó wọn kiri, ẹ̀dà ni kó máa wà nínú báàgì.

Tí kọ́ọ̀sì yín bá nílò kálíkúlétọ̀, ẹ béèrè irú èyí tí wọ́n ń gbà láyè nínú gbọ̀ngàn ìdánwò kí ẹ tó rà á. Ọ̀pọ̀ ilé ìwé kì í gba èyí tó lè tọ́jú ọ̀rọ̀ sínú. Ti orí fóònù kò ní wúlò fún yín níbẹ̀.

Láptọ́ọ̀pù: ṣé ẹ nílò rẹ̀ báyìí?

Tí ìdánwò bá jẹ́ ti bíírò, tí iṣẹ́ àṣetiléwá náà sì jẹ́ ti ọwọ́, fóònù tó dára lè gbé yín la sẹ̀mẹ́sítà àkọ́kọ́ já. Ẹ tún lè so kíbọ́ọ̀dù Bluetooth kékeré mọ́ fóònù náà kí ẹ fi tẹ iṣẹ́. Owó rẹ̀ kò sún mọ́ ti láptọ́ọ̀pù rárá. Ṣùgbọ́n tí kíláàsì bá ń wáyé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ẹ bá ń ṣe máṣítàsì, tàbí tí ẹ ti dé ọdún tí ẹ máa kọ project, ẹ nílò rẹ̀.

Tòkunbọ̀ tó dára sàn ju tuntun olówó pọ́ọ́kú lọ. Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn ènìyàn pé kí wọ́n wá nìyí:

- RAM (ibi tí ẹ̀rọ ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí) 8GB. 4GB á ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ ó máa dúró dè é, àkókò yín sì ni ó ń jẹ.
- SSD (ibi ìtọ́jú fáìlì tó ń yára) 256GB, kì í ṣe hard disk àtijọ́. Èyí nìkan ló máa jẹ́ kí ẹ̀rọ jí láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ní aago mẹ́rin ìdájí.
- Ojú tó fẹ̀ tó íǹṣì 14. Íǹṣì 11 kéré jù fún ojú àgbà; 15.6 wúwo fún ẹni tó ń wọ bọ́ọ̀sì.
- Processor (ọpọlọ ẹ̀rọ) Intel ìran kẹjọ sókè. Láti ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft ti dáwọ́ ìtìlẹ́yìn ọ̀fẹ́ fún Windows 10 dúró, èyí tó bá sì wà nísàlẹ̀ ìran kẹjọ, Windows 11 kì í sábà gbà á.

Bí ẹ ṣe máa mọ ìran rẹ̀ rèé: ẹ wo nọ́mbà tó tẹ̀lé àmì kékeré lẹ́yìn i3, i5 tàbí i7. i5-7200U jẹ́ ìran keje, ẹ fi sílẹ̀. i5-8250U jẹ́ ìkẹjọ, ó dára. Ní ti i5-1135G7, nọ́mbà méjì àkọ́kọ́, 11, ló ń sọ ìran rẹ̀: ìkọkànlá ni. Tí oníṣòwò bá kàn ń sọ pé "Core i5 ni, ó lágbára," kò tíì dáhùn ìbéèrè yín.

Báyìí ni kí ẹ ṣe yẹ̀ ẹ́ wò nínú ṣọ́ọ̀bù, ìbáà jẹ́ Computer Village ní Ìkẹjà tàbí Queen Cinema ní Ìbàdàn:

1. Ẹ yọ ṣájà kúrò lára rẹ̀. Orí bátìrì ni kó wà títí ẹ ó fi yẹ gbogbo rẹ̀ wò tán.
2. Ẹ ṣí Settings, kí ẹ lọ sí System, lẹ́yìn náà About. Ẹ fi ojú ara yín rí processor àti RAM. Ẹ má gba ohun tó wà lórí sítíkà gbọ́.
3. Ẹ ṣí Command Prompt (ojú dúdú tí a ti ń tẹ àṣẹ fún ẹ̀rọ), kí ẹ tẹ `powercfg /batteryreport`, kí ẹ sì tẹ Enter. Á sọ ibi tó tọ́jú ìròyìn náà sí. Ẹ ṣí i. Ẹ wo DESIGN CAPACITY, iye iná tí bátìrì ń gbà nígbà tó wà ní tuntun, kí ẹ wá wo FULL CHARGE CAPACITY, iye tó ń gbà báyìí. Tí ti àkọ́kọ́ bá jẹ́ 50,000, tí ti ìkejì sì jẹ́ 28,000, díẹ̀ ló fi ju ìdajì lọ. Ẹ fi ìyẹn ná owó wálẹ̀, tàbí kí ẹ ní kó pààrọ̀ bátìrì.
4. Ẹ ṣí Notepad (ibi tí a ti ń tẹ ọ̀rọ̀ lásán), kí ẹ tẹ gbogbo bọ́tìnnì kíbọ́ọ̀dù lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ má fo spacebar àti àwọn nọ́mbà.
5. Ẹ so ó mọ́ hotspot fóònù yín, ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀, ẹ tan kámẹ́rà, ẹ ki fláàṣì bọ gbogbo ihò USB rẹ̀.
6. Ẹ ṣí ojú ewé funfun kan kó kún ojú ẹ̀rọ. Ìlà tàbí àmì dúdú á fara hàn.
7. Ẹ pa á, kí ẹ tún un tàn. Tí ó bá béèrè password kí Windows tó jáde, tàbí tí ó sọ pé iléeṣẹ́ kan ló ni ín, ẹ dìde. Kò sí ẹ̀dínwó tó lè tún ìyẹn ṣe.
8. Ẹ gba risíìtì tí wọ́n kọ serial number (nọ́mbà ìdánimọ̀ ẹ̀rọ náà) sí pẹ̀lú iye ọjọ́ tí wọ́n fi máa gbà á padà.

Ìkìlọ̀ ńlá: láti ìgbà tí ẹ bá ti yẹ̀ ẹ́ wò tán, ẹ má jẹ́ kó kúrò lójú yín. "Ẹ jẹ́ kí n lọ bá yín dì í" ni wọ́n fi ń gbé òmíràn fún ènìyàn. Ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ gbé e sínú báàgì. Ẹ má sì tẹ̀lé ẹni tó bá ń fà yín lọ́wọ́ lójú pópó pé òun mọ ibi tó ti pọ́ọ́kú.

Tí ẹ bá gbé e délé, ẹ ṣí àkáǹtì tiyín lọ́tọ̀, kí ẹ fi password sí i, kí ẹ ṣí òmíràn fún àwọn ọmọ tí wọ́n bá máa lò ó. Ní ti Office (Word àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀), ẹ bi ilé ìwé bóyá ímeèlì tí wọ́n fún yín bá Microsoft 365 wá. Tí kò bá bá a wá, LibreOffice jẹ́ ọ̀fẹ́, ó sì ń ṣí fáìlì Word. Office tí wọ́n bá fi fláàṣì gbé fún yín ní bísíńẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà lè gbé fáírọ́ọ̀sì wọlé. Google náà ń fún ènìyàn ní 15GB lọ́fẹ̀ẹ́: gbogbo iṣẹ́ tí ẹ bá kọ, ẹ fi ẹ̀dà kan síbẹ̀ kí ẹ tó sùn. Project tó wà lórí fláàṣì nìkan kò sí níbì kankan.

Iná àti dátà

Tí ẹ bá fẹ́ ra pawa báǹkì, ẹ bi ara yín: fóònù ni tàbí láptọ́ọ̀pù? Èyí tí wọ́n kọ 20,000mAh sí, tó bá jẹ́ òótọ́, gba nǹkan bí 74 watt-hour (ìwọ̀n iná tó lè tọ́jú). Ó lè kún fóònù ní nǹkan bí ẹ̀ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Fún láptọ́ọ̀pù, bíi ẹ̀ẹ̀kan péré ni, ìyẹn pẹ̀lú pé láptọ́ọ̀pù náà ń gba iná láti ihò USB-C, tí pawa báǹkì náà sì lè gbé watt 45 tàbí 65 jáde. Èyí tó bá ní ihò USB àtijọ́ nìkan kò lè ṣe é.

Dátà: ẹ máa wa fídíò àti PDF sílẹ̀ níbi tí Wi-Fi bá wà, ní ibi iṣẹ́ tàbí ní láíbìrì, kí ẹ lè wò wọ́n nígbà tí kò bá sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Tí olùkọ́ bá gbà yín láyè, ẹ fi fóònù gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ máa rí i gbọ́ nínú gó-sìló Mílè 12, níbi tí kò sí ẹni tó lè ṣí ìwé. Etí kan ni kí ẹ fi íápíìsì sí o, ẹ fi èkejì gbọ́ ohun tó ń lọ láyìíká yín.

Ìwé tí olùkọ́ bá dárúkọ

Ẹ má rà á ní ọ̀sẹ̀ kìíní. Ẹ ṣe báyìí:

1. Ẹ wá a ní láíbìrì ilé ìwé, títí kan ti orí íntánẹ́ẹ̀tì. National Open University ń gbé ìwé kọ́ọ̀sì tirẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní PDF.
2. Ẹ bi àwọn tó ti ṣe kọ́ọ̀sì náà lọ́dún tó kọjá: ṣé wọ́n lò ó lóòótọ́, àbí hándáwùtù ni ìdánwò ti jáde?
3. Tí wọ́n bá lò ó, ẹ bá wọn ra tiwọn. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá àtúntẹ̀ kan náà ni, pàápàá fún Òfin, owó orí àti ìṣirò owó, níbi tí òfin ti máa ń yí padà.
4. Tuntun ló gbẹ̀yìn.

Fún àwọn tó ń ṣe Linguistics tàbí Yorùbá gan-an: Gboard, kíbọ́ọ̀dù fóònù ti Google, ní ti Yorùbá tó ń fi àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ sí i. Ẹ tètè fi sórí fóònù yín, kí ẹ má bàa máa fi bíírò tẹ àmì sórí iṣẹ́ tí ẹ ti tẹ̀ jáde.

Àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀

- Kí ènìyàn fi gbogbo owó àjọ ra láptọ́ọ̀pù tuntun, kó wá máa yá owó ilé ìwé.
- Kó ra tablet nítorí pé ó fúyẹ́, kó tó mọ̀ pé iṣẹ́ gígùn ṣòro láti tẹ̀ lórí rẹ̀ láìsí kíbọ́ọ̀dù.
- Kó lọ tẹ iṣẹ́ ní bísíńẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà, kó gbàgbé láti jáde kúrò nínú ímeèlì rẹ̀.
- Báàgì aláwọ kan ṣoṣo tó rẹwà tí omi ń wọ̀. Nínú òjò oṣù kẹfà, ọ̀rá tó nípọn nínú báàgì ló ń gba ìwé là.

Ohun tó yẹ kó wà nínú báàgì lọ́jọ́ àkọ́kọ́

☐ Awò ojú nínú páálí rẹ̀
☐ Ìwé kíkọ méjì, bíírò mẹ́ta
☐ Ẹ̀dà ìwé ìgbaniwọlé àti risíìtì, fọ́tò pásípọ́ọ̀tù díẹ̀
☐ Fóònù tó kún, ṣájà rẹ̀
☐ Omi, ìpápánu, oògùn tí ẹ bá ń lò

Tó bá jẹ́ Ìlú Ọba lẹ ti ń kàwé

Ohun tó yàtọ̀ níbẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ yunifásítì máa ń yá akẹ́kọ̀ọ́ ní láptọ́ọ̀pù láti láíbìrì, ẹ kọ́kọ́ béèrè. Tí ẹ bá sì jẹ́ ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ sí Student Finance (owó ìrànwọ́ ìjọba fún akẹ́kọ̀ọ́) ní England, tí ẹ ní àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́, ìṣòro ọpọlọ, tàbí ìṣòro ìkàwé bíi dyslexia, owó kan wà tí wọ́n ń pè ní Disabled Students' Allowance. Wọn kì í wo iye tó ń wọlé fún yín, ẹ kò sì ní dá a padà. Ọ̀pọ̀ àgbà wa kì í béèrè fún un, torí ọ̀rọ̀ "disabled" ń tì wọ́n lójú, ẹ̀tọ́ yín sì ni. Akẹ́kọ̀ọ́ tó fi fisà ìkẹ́kọ̀ọ́ wọlé kò lè gbà á.

Tí wọ́n bá fọwọ́ sí kọ̀ǹpútà fún yín, £200 àkọ́kọ́ ni ẹ máa san, àwọn á san ìyókù. Ẹ fi ìwé dókítà tàbí ti àyẹ̀wò dyslexia ránṣẹ́ ṣáájú ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́, torí ó máa ń gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ẹ má sì ra kọ̀ǹpútà náà kí lẹ́tà ìfọwọ́sí tó dé, wọn kì í sábà dá owó ohun tí ènìyàn ti rà ṣáájú padà.